Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin tí ẹ ń sin ajá tà ní Èkó: ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ orúkọ kókó náà

Sí ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa tí ẹ ń sin ajá tà, àti ẹ̀yin tí ẹ ní akọ ajá tí wọ́n ń gbé abo wá bá, láti Agége dé Ajah, láti Festac dé Ìkòròdú.

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú. Ẹ̀yin la kọ lẹ́tà yìí sí, kì í ṣe ìjọba. Ìdí ni pé ẹni tó bá ra ọmọ ajá lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin ló kọ́kọ́ ń pè tí nǹkan bá ṣe é. Kódà bó di ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà tí kókó yọ lára ajá yẹn, fọ́tò rẹ̀ á ti dé orí WhatsApp yín kó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Èsì tí ẹ bá fọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n máa lò láàárọ̀ ọjọ́ kejì. “Ẹ fi GV pa á.” “Ẹ ra Ampiclox fún un.” “Ẹ ní kí wọ́n gún un ní dexa.” “Ẹ fi sílẹ̀, ọ̀rá lásán ni.” (GV ni oògùn aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n ń kun egbò; Ampiclox ni oògùn tó ń pa kòkòrò; dexa ni dexamethasone, abẹ́rẹ́ tó ń mú ìwú lọ.) A mọ̀ pé inú rere lẹ fi ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n nínú èsì mẹ́rin yìí, méjì tó kẹ́yìn lè ba ìwòsàn ajá náà jẹ́ kọjá àtúnṣe.

Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo la wá bẹ̀: kókó yòówù kó jẹ́, ẹ jẹ́ ká mọ orúkọ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fún ajá ní oògùn, kí wọ́n tó ní kí wọ́n gé e, kí wọ́n sì tó ní kí wọ́n lọ pa á. Kókó lè jẹ́ jẹjẹrẹ, jẹjẹrẹ kì í sì í ṣe àrùn kan ṣoṣo. Èyí wà tí abẹ́rẹ́ mẹ́rin sí mẹ́fà máa ń wò sàn pátápátá. Èyí wà tí ọ̀bẹ ń wò sàn bí a bá tètè débẹ̀. Èyí sì wà tí kò ṣeé wò sàn, àmọ́ tí oògùn lè fún ajá ní bí ọdún kan tí yóò fi jẹun, tí yóò fi sáré. Ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìka ọwọ́ kò lè yà wọ́n, bó ti wù kí ẹni tó ni ìka náà ti pẹ́ tó nídìí ajá, àwa náà sì wà lára wọn.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi tó kàn yín gbọ̀ngbọ̀n bẹ̀rẹ̀. Jẹjẹrẹ kan wà tí ajá ń kó lára ajá níbi kírọ́ọ̀sì, ìyẹn nígbà tí akọ bá ń gun abo. TVT (transmissible venereal tumour) ni àwọn dókítà ń pè é. Ó wà lára jẹjẹrẹ ajá tó wọ́pọ̀ jù nílẹ̀ wa, òun náà ló sì tún gbọ́ oògùn jù. Kì í ṣe kòkòrò ló ń fà á. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà gan-an ló ń kúrò lára ajá kan lọ hù lára òmíràn, bí ẹni gé igi ẹ̀gẹ́ lóko kan tó lọ gbìn ín sóko kejì. Lọ́dún 1876, dókítà ẹranko ará Rọ́ṣíà kan tó ń jẹ́ Novinsky mú un lára ajá kan, ó gbìn ín sára òmíràn, ó sì hù. Àwọn onímọ̀ tó wo inú sẹ́ẹ̀lì náà lóde òní rí i pé ara ajá kan ṣoṣo, tó ti kú láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, ni gbogbo TVT tó wà láyé ti ṣẹ̀ wá. Ìdí nìyí tí Ampiclox kò fi lè ràn án: kòkòrò ni Ampiclox ń pa. Ti GV, ńṣe ló ń kun ojú ibẹ̀ débi tí dókítà kò fi ní rí sẹ́ẹ̀lì náà dáadáa lábẹ́ maikirosikóòpù. Ẹ̀dá èèyàn kì í kó o. Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí ọmọ inú ilé lé ajá síta.

Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ajá dìde lórí táìlì, ẹ̀jẹ̀ sì wà níbi tó sùn sí, ẹ̀kán méjì tàbí mẹ́ta, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó yíjú sẹ́yìn, ó lá ara rẹ̀, ó tún dùbúlẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà. Kò gbóná, ó ń jẹun, ó ń gbó àlejò. Nítorí pé ara rẹ̀ le ni wọ́n fi ń fi í sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, mẹ́rin. Bí ẹ bá wá fa awọ tó bo nǹkan akọ rẹ̀ sẹ́yìn, ẹran pupa kan lẹ máa rí tó yọ ṣákaṣàka, tó ń rún bíi mọ́ínmọ́ín tí kò tíì jiná. Ẹ kàn fọwọ́ bà á, ẹ̀jẹ̀ á tú.

Ti abo ń tan èèyàn jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí wọ́n á ní híìtì ni, ìyẹn àkókò tí abo máa ń rí ẹ̀jẹ̀, tó sì ń gba akọ. Híìtì kì í sábàá ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í sì í gba gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán. Abo tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá wọ ọ̀sẹ̀ kẹrin, tàbí tó tún rí ẹ̀jẹ̀ láìtíì tó àkókò rẹ̀, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò. (Bó bá jẹ́ oje tó ń rùn ló ń jáde, tí abo náà ń mu omi ṣáá tí kò sì jẹun, ilé ọmọ rẹ̀ ló kún fún ọyún. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kó dé ilé-ìwòsàn, ẹ má dúró de ọjọ́ kejì.) Ibòmíràn tí TVT máa ń wọ̀ ni imú, torí ajá a máa fi imú gbóòórùn ìdí ara wọn. Ajá tó bá ń sín, tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní ihò imú kan ṣoṣo, ẹ má kàn sọ pé ó fi imú gbá ògiri.

Láti ọjọ́ kírọ́ọ̀sì dé ìgbà tí àrùn náà máa hàn, ó lè tó oṣù 2 sí 6. Ẹ ro ohun tí akọ kan tí wọ́n ń gbé lọ gbé bọ̀ lè ti ṣe láàárín oṣù mẹ́fà. Ìdí nìyí tí a fi sọ pé akọ tí ẹ ń gba owó tàbí ọmọ ajá kan lé lórí gbọ́dọ̀ gba àyẹ̀wò kó tó fọwọ́ kan abo èyíkéyìí, kí abo náà sì gba tirẹ̀ kó tó fọwọ́ kan akọ. Kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kí ẹnì kan di orí ajá mú, kí ẹnì kejì tan iná fóònù. Ẹ fa awọ náà sẹ́yìn títí gbogbo nǹkan akọ yóò fi jáde. Orí rẹ̀ nìkan ni ọ̀pọ̀ ń wò tí wọ́n ń ní ó mọ́. Ẹ̀yìn pátápátá, níbi tó máa ń wú tí akọ àti abo fi ń so mọ́ra, ni àrùn náà fẹ́ràn láti jókòó sí. Ti abo, ẹ la ètè ojú ara rẹ̀, ẹ wò ó, kí dókítà sì fi ìka tó wọ ìbọ̀wọ́ yẹ inú rẹ̀ wò. Ẹ wo imú àti ẹnu àwọn méjèèjì. Ẹ kọ ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó yẹ̀ wọ́n wò sínú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára wọn. Akọ tí ẹ̀jẹ̀ bá kán lára rẹ̀ kò gbọdọ̀ gun abo mọ́ títí tí yóò fi yá, kódà bí wọ́n bá ti san owó. A mọ̀ pé owó ilé ìwé ọmọ wà nínú rẹ̀. Abo tó bá lọ pẹ̀lú àrùn náà, olówó rẹ̀ ni yóò ra oògùn, ajá rẹ̀ ni yóò sì jìyà.

Oògùn rẹ̀ ni vincristine. Òdòdó kékeré aláwọ̀ pinki tàbí funfun kan tó ti Madagascar wá, tó sì pọ̀ lẹ́bàá géètì àwọn ilé níbí, ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Ẹ má se ewé rẹ̀ fún ajá o. Májèlé ni, kò sì sẹ́ni tó lè mọ ìwọ̀n tó wà nínú àgbo. Ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ ni 0.025 mg fún kílò kan, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, àròpọ̀ rẹ̀ kì í sì í ju 1 mg lọ lẹ́ẹ̀kan, bó ti wù kí Boerboel náà tóbi tó. Ajá 20 kg á gba 0.5 mg, bí ìgò náà bá jẹ́ 1 mg nínú 1 ml, ìdajì ml nìyẹn. Kí ẹ lè yẹ iṣẹ́ wò la ṣe sọ ọ́, kì í ṣe kí ẹ máa gún un fúnra yín. Inú iṣan ẹ̀jẹ̀ nìkan ló gbọ́dọ̀ gbà. Bí ẹ̀kán díẹ̀ bá dà sínú ẹran ẹsẹ̀, ẹran ibẹ̀ á jẹrà, á sì di egbò tí kì í tètè jiná. Nítorí náà kánúlà, ọpá rọ́bà tín-ín-rín, ni kí dókítà kọ́kọ́ fi sí iṣan, kó ti omi dírípù díẹ̀ gbà á láti mọ̀ pé ọ̀nà ṣí, kó tó fi oògùn sí i, kó sì tún fi omi ṣan ọ̀nà náà lẹ́yìn rẹ̀. Ajá tó bá ń jà, kí wọ́n kọ́kọ́ fún un ní oògùn tí ń mú un rọlẹ̀.

Kí wọ́n ka sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó gún un lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí iye rẹ̀ kò bá tó 4,000, wọ́n á sún un síwájú ní ọjọ́ 3 tàbí 4, wọ́n á sì dín ìwọ̀n kù. Láàárín ọjọ́ 4 sí 9 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni ara ajá kò ní agbára láti gbógun ti kòkòrò. Bí ara rẹ̀ bá gbóná ju 39.5 lọ nígbà yẹn, ilé-ìwòsàn ni, kì í ṣe àgúnmu. Ó lè bì, ìgbẹ́ rẹ̀ lè le. Fún ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ lé abẹ́rẹ́, ìbọ̀wọ́ ni kí wọ́n fi kó ìgbẹ́ àti ìtọ̀ rẹ̀, kí aláboyún má sì fọwọ́ kàn án rárá. Oògùn náà, inú fíríìjì ló ń gbé, láàárín 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius, níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò dé. Bí NEPA bá mú iná lọ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, tí jẹnẹrétọ̀ kò sì sí, inú kúlà tó ní yìnyín ni kó wà, kí aṣọ sì wà láàárín òun àti yìnyín kó má baà dì. Oògùn pọ̀ ní Ìdúmọ̀tà lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tí ẹ kò bá mọ bí òtútù ṣe bá a dé ọwọ́ yín, tí kò sì ní nọ́ńbà NAFDAC, ẹ má fi sínú iṣan ajá ẹnikẹ́ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ jù ni abẹ́rẹ́ kejì. Ẹ̀jẹ̀ á ti dá, ẹran náà á ti sún kì, olówó ajá á ní ó ti yá. Kò tíì yá. Títí tí ojú kò fi ní rí ohunkóhun mọ́ níbẹ̀ ni wọ́n ń gún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó sì sábà máa ń jẹ́ ìgbà mẹ́rin sí mẹ́fà. Èyí tó bá ti pẹ́ lára lè gba mẹ́jọ. Èyí tí wọ́n bá dá dúró lágbede méjì a máa padà wá, ìgbà kejì a sì máa ṣòroó wò ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bákan náà ni èyí tí wọ́n kàn fi ọ̀bẹ gé láìfi oògùn tẹ̀ lé e: gbòǹgbò rẹ̀ á hù. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ tó kẹ́yìn, ẹ fún akọ náà ní bí oṣù mẹ́ta kó tó tún kírọ́ọ̀sì, torí vincristine a máa ba àtọ̀ jẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

Báwo la ṣe ń mọ orúkọ kókó? Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín ni, nọ́ńbà 22 tàbí 23, síríńjì 5 ml, àti gíláàsì pẹlẹbẹ. Dókítà á ti abẹ́rẹ́ bọ kókó, á fà á lẹ́ẹ̀méjì lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti igun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, á sì jọ̀wọ́ ìfà náà kó tó yọ abẹ́rẹ́. Bí kò bá jọ̀wọ́ rẹ̀, gbogbo ohun tó fà á sá lọ sínú síríńjì. Á fẹ́ ìwọ̀nba tó wà nínú abẹ́rẹ́ sórí gíláàsì, á tẹ́ ẹ, á sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbẹ ẹ kí wọ́n tó wò ó lábẹ́ maikirosikóòpù. Ti TVT kò tilẹ̀ gba abẹ́rẹ́: wọ́n á nu ẹ̀jẹ̀ ojú rẹ̀ kúrò, wọ́n á fi gíláàsì tẹ̀ ẹ́. Ajá kò nílò oorun abẹ fún èyíkéyìí nínú wọn.

Bó bá jẹ́ kókó tí wọ́n gé jáde, kí wọ́n má sọ ọ́ nù, kí wọ́n fi í ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò. Ìyẹn ló ń dùn wá jù lọ. Wọ́n á ṣe abẹ tó dára, kókó á bá pàǹtírí lọ, oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà òmíràn á yọ, kò sì sẹ́ni tó lè sọ bóyá èyí àkọ́kọ́ ni jẹjẹrẹ. Ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò ni kí wọ́n fi sí, torí ẹran a máa le gbagidi nínú formalin, omi oògùn tí kì í jẹ́ kó rà, kì í sì í gba ẹnu tóóró jáde mọ́. Formalin ìdá 10 nínú 100 ni: formalin ògidì òṣùwọ̀n kan, omi òṣùwọ̀n mẹ́sàn-án. Kí formalin náà tó ìlọ́po mẹ́wàá ẹran. Bí kókó bá nípọn ju 1 cm lọ, kí wọ́n là á díẹ̀ kó lè wọ inú rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àárín á rà. Ẹ má fi ìgò formalin àti gíláàsì tí wọ́n tẹ́ sẹ́ẹ̀lì sí sínú ọ̀rá kan náà rán ẹni tó ń lọ sí Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, níbi tí ilé-ìwòsàn ẹranko ti yunifásítì wà. Èéfín formalin á ba orí gíláàsì jẹ́ kí wọ́n tó kọjá Bẹ́jà.

Ti ọmú abo, ẹ̀yin lẹ lè gba ẹ̀mí tó pọ̀ jù là níbẹ̀. Abo a máa ní ọmú mẹ́wàá, márùn-ún lápá kọ̀ọ̀kan, láti abẹ́ apá dé abẹ́ itan. Kí olówó rẹ̀ dá a dùbúlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kó fi ìka méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wò, kó pẹ́ díẹ̀ lórí mẹ́rin tó wà lẹ́yìn, torí ibẹ̀ ló ti ń yọ jù. Bó bá rí kókó tó dà bí ẹyọ ẹ̀wà, tó le, tó ń yí lábẹ́ ìka, kó gbé abo náà lọ sí ilé-ìwòsàn. Bí ìdajì irú kókó bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ́ jẹjẹrẹ tó lè rìn lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Èyí tí kò tíì tó 3 cm ní ìrètí púpọ̀ ju èyí tó ti tó ọsàn lọ. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Kí wọ́n ya àyà rẹ̀ ní X-ray kí wọ́n tó gé e, láti apá ọ̀tún, láti apá òsì àti láti òkè, torí abẹ kò lè wò ó sàn mọ́ bó bá ti wọ ẹ̀dọ̀fóró.

Èyí tí ọ̀pọ̀ yín kì í sọ fún ẹni tó ń ra abo ni pé yíyọ ilé ọmọ ní kùtùkùtù ń dènà rẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 1969 fi abo tí wọn kò yọ tirẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n: ewu tó kù fún èyí tí wọ́n yọ tirẹ̀ kí híìtì àkọ́kọ́ tó dé jẹ́ 0.5 nínú 100. Lẹ́yìn híìtì kan, 8. Lẹ́yìn méjì, 26. Àmọ́ kí a sọ òtítọ́ tán: Rottweiler tí wọ́n bá yọ tirẹ̀ kó tó pé ọdún kan a máa ní jẹjẹrẹ eegun ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Nítorí náà ajá kékeré, ẹ jẹ́ kí wọ́n tètè ṣe é. Ajá ńlá, kí olówó rẹ̀ àti dókítà jókòó sọ ọ́. Abẹ́rẹ́ tí àwọn kan fi ń dá híìtì dúró, irú èyí tí àwọn obìnrin fi ń fètò sọ́mọ bíbí, ẹ dákun, ẹ pa á tì. Ó ń mú kókó ọmú wá, ó sì ń mú ilé ọmọ rà.

Ní báyìí, dexa. A mọ ìdí tí ẹ fi fẹ́ràn rẹ̀: wọ́n á gún un lónìí, ìwú á lọ lọ́la, ajá á jẹun, wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ kan wà tí ń jẹ́ lymphoma, tó ń mú kókó wú lábẹ́ àgbọ̀n, níwájú èjìká àti lẹ́yìn orúnkún, lọ́tùn-ún lósì. Dexa àti prednisolone tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa mú un sún kì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Láàárín ìgbà yẹn, bí dókítà bá fa kókó náà wò, kò ní rí i dáadáa mọ́. Bí wọ́n bá sì rí i, oògùn jẹjẹrẹ gidi kò ní ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, torí sẹ́ẹ̀lì náà ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sá fún un. Ajá tí wọ́n bá fi àpapọ̀ oògùn wò láti ìbẹ̀rẹ̀ lè lo bí ọdún kan. Prednisolone nìkan, oṣù kan sí mẹ́ta. Irú ìwú yìí kan náà, àrùn eégbọn lè fà á nílùú wa, ó sì lóògùn tirẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti abẹ́rẹ́ tín-ín-rín ló máa yà wọ́n. Bó bá ti ṣẹlẹ̀ pé wọ́n ti gún un, kí olówó ajá sọ fún dókítà láìbẹ̀rù: oògùn wo, ọjọ́ wo, ìwọ̀n wo.

Rottweiler, Boerboel tàbí ajá ńlá mìíràn tó ti lé ní ọdún márùn-ún, tó ń tiro fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n má kàn máa fi Robb wọ́ ọ. Lókè ọrùn ọwọ́ iwájú, lẹ́bàá èjìká, àti ní àyíká orúnkún ẹ̀yìn ni jẹjẹrẹ eegun fẹ́ràn. X-ray ló ń fi hàn. Ìrora rẹ̀ lágbára ju bí ajá ṣe ń fi hàn lọ, torí ajá kì í sunkún bí ọmọ. Gígé ẹsẹ̀ náà ń mú ìrora jẹjẹrẹ náà lọ, ajá a sì máa rìn dáadáa lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ojú àwa èèyàn ló ń tì wá, kì í ti ajá. Gígé nìkan máa ń fún un ní bí oṣù 4 sí 5. Bí oògùn jẹjẹrẹ tó ń jẹ́ carboplatin bá tẹ̀ lé e, ó lè tó ọdún kan.

Kókó orí awọ tó ń wú lónìí tó ń sún kì lọ́la, pàápàá lára ajá Boxer, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ó lè tú oje tí yóò mú gbogbo ara ajá wú. Alsatian àgbà tó ṣàdéédé ṣubú, tí ẹran ìdí eyín rẹ̀ funfun bí takàdá, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà sínú ikùn rẹ̀. Àwọn méjèèjì yìí kò gba fóònù rárá, ilé-ìwòsàn ni.

Nítorí náà, bí fọ́tò bá dé, ẹ ní kí wọ́n fi rúlà lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kókó náà kí wọ́n tún un yà. Ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ rí i, àti oògùn tó ti wọ ara ajá náà. Lẹ́yìn náà ẹ ní, “Ẹ má tíì fún un ní nǹkan kan, ẹ lọ fi abẹ́rẹ́ fà á wò.” Ẹ gbà wọ́n nímọ̀ràn kí wọ́n jáde kí oòrùn tó mú, torí ajá tó ń ṣàìsàn nínú mọ́tò tí kò ní AC nínú gosìló orí Afárá Third Mainland lè kú sọ́nà.

Ìrora ní oògùn tirẹ̀. Meloxicam ni ọ̀pọ̀ dókítà ń lò: 0.2 mg fún kílò kan lọ́jọ́ kìíní, 0.1 mg lójoojúmọ́ lẹ́yìn ìyẹn, lẹ́yìn oúnjẹ. A kì í fi í kún dexa tàbí prednisolone. Àwọn méjèèjì pọ̀ máa ń lu ikùn ajá jálẹ̀, ìgbẹ́ á dúdú bí ọ̀dà. Ibuprofen àti diclofenac tó wà nínú dúrọ́ọ̀ yín, ti èèyàn ni. Wọ́n ń ba ikùn àti kíndìnrín ajá jẹ́ kódà ní ìwọ̀n kékeré.

Oúnjẹ ajá tó ń gba oògùn jẹjẹrẹ kò le. Ẹja Títùs tí wọ́n sè láìsí iyọ̀ tí wọ́n sì yọ eegun rẹ̀, ẹyin sísè, adìẹ àti ìrẹsì díẹ̀, tó lọ́wọ́ọ́wọ́, díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́. Kì í ṣe ọbẹ̀ alálùbọ́sà, kì í ṣe ẹran tútù. Kí wọ́n máa wọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: kí ẹnì kan gbé e gun òṣùwọ̀n, kó sọ̀, kó sì tún dá gùn ún, ìyàtọ̀ rẹ̀ ni ti ajá. Bó bá ti pàdánù ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, kí wọ́n pe dókítà.

Ìgbà kan á dé fún àwọn kan tí oògùn kò ní ṣiṣẹ́ mọ́, wọ́n á sì tún pè yín. Ẹ má sọ fún wọn pé ajá lásán ni. Ẹ ní kí wọ́n gbé kàlẹ́ńdà kọ́ sí ilé ìdáná, kí wọ́n fi báírò pupa sàmì sí ọjọ́ tí kò jẹun, tí kò lè dìde fúnra rẹ̀, tàbí tó ń kérora tí kò sùn. Kàlẹ́ńdà ni kí wọ́n gbà gbọ́, torí ojú ẹni tó fẹ́ràn ajá kì í fẹ́ rí i. Bí ọjọ́ pupa bá ju ìyókù lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àkókò tó. Dókítà á kọ́kọ́ gún un ní oògùn oorun, lẹ́yìn náà èyí tó máa dá ọkàn dúró. Kí wọ́n mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ojú rẹ̀ lè má pa dé, ó lè mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lẹ́yìn tó ti lọ, ìtọ̀ sì lè dà. Kò jẹ̀rora. Bí ọmọdé bá wà nílé, ẹ ní kí wọ́n sọ fún un pé ajá náà ti kú; bí wọ́n bá ní ó sùn, ọmọ náà á máa bẹ̀rù oorun.

Òkú rẹ̀ kò gbọdọ̀ dé orí ààtàn, torí oògùn tó pa á á pa ajá mìíràn tó bá jẹ ẹ́. Kí ihò náà jìn tó mítà kan, kó sì jìnnà sí kànga. Lẹ́kùn-ún Lẹ́kí àti Ajah, níbi tí omi ti ń yọ kí èèyàn tó gbẹ́lẹ̀ dé orúnkún, kí wọ́n bi ilé-ìwòsàn bóyá wọ́n lè bá wọn sun ún.

Bí wọ́n bá sì béèrè lọ́wọ́ yín bóyá ọmọ ajá tuntun lè wọ ilé náà, bẹ́ẹ̀ ni. Kódà TVT, ara ajá alààyè ló ń gbé, kì í pẹ́ kú bó bá dá wà lórí ilẹ̀. Ọṣẹ àti omi tó. Ajá mìíràn tó bá ti wà nínú ilé tẹ́lẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò, títí dé ẹ̀yìn awọ náà.

Àwa ni tiyín,
Àwa tí a ń tọ́jú ajá ní Èkó, ní Erékùṣù àti Mainland